Erin, Lékeléke àti Ìyá Kọ̀ǹkọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Erin ọba, ó dá lórí Lékeléke àlejò, ó dá lórí Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ tó ń gbé inú odò. Ìjàpá náà wà níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló ń wá. Ibi tí owó bá ti ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ wo agbede méjì, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Mo rí ọmọ mi lọ́yà tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. O kú ìkàlẹ̀ o. Kí o tó fa ìwé òfin yọ, àlọ́ ni mo ń pa. Bí o bá gbọ́ orúkọ tó jọ ti iléeṣẹ́ kan tí o mọ̀, etí rẹ ló gbé e wá, kì í ṣe ẹnu mi.

Ẹ̀yin tó kù, bí orin bá dé, ègbè yín ni “Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.” Ẹ gbè é kí n gbọ́. Ó dára.

Nígbà kan, tí ojú wà lórúnkún, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ̀kọ, igbó ńlá kan wà létí òkun. Igbó náà kò ní ọba kan ṣoṣo. Odò kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀, òkè kọ̀ọ̀kan ló ní baálẹ̀ tirẹ̀. Àwọn Kọ̀ǹkọ̀ ẹnu odò ń ra epo pupa lókè, wọ́n ń tà á fún àwọn ẹyẹ òkè òkun tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀. Wọ́n ń jẹ èrè wọn, wọ́n ń ké lálẹ́.

Àṣá ló kọ́kọ́ dé. Òun kọ́ ni olórí àlọ́ wa, n óò sì sáré kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ Àṣá kò lè mọ ibi tí wọ́n ti gbé àga tí Erin jókòó lé. Oníṣòwò epo ni Àṣá. Ní 1886, ọbabìnrin ìlú àwọn ẹyẹ fún un ní ìwé àṣẹ kan, pé kó máa gba owó ibodè, kó máa dá ẹjọ́, kó máa kó ọmọ ogun jọ. Bí oníṣòwò ṣe di ìjọba nìyẹn. Ó wá sọ fún àwọn Kọ̀ǹkọ̀ Nembe pé àjèjì ni wọ́n lórí odò tí bàbá wọn ń wà lọ wà bọ̀, pé kí wọ́n wá san owó láìsẹ́ǹsì kí wọ́n tó lè ra epo. Ní oṣù kìíní 1895, àwọn Kọ̀ǹkọ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Akassa, wọ́n fọ́ ilé ìkẹ́rù Àṣá túútúú. Nígbà tó di oṣù kejì, ọkọ̀ ogun ọbabìnrin dé, iná sì jó Nembe. Ní 1897, Àṣá yìí kan náà kó ogun lọ bá Bida, ó ṣẹ́gun wọn, ó yà sí Ìlọrin, ó tẹ Ìlọrin náà lórí ba.

“Bàbá, Royal Niger Company lẹ ń sọ yìí. George Goldie ni Àṣá.”

Ta ló bi ọ́? Àṣá ni mo pè é.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Àṣá ta ìjọba. Ẹ gbọ́ mi yé, mo ní ó tà á. £865,000 ni wọ́n san fún un kó lè fi igbó tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọbabìnrin. Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá wa ohun àlùmọ́ọ́nì ní apá kan lókè igbó, ìdajì owó tí ìjọba bá gbà lórí rẹ̀ yóò máa jẹ́ ti òun fún ọdún 99. Ó ta ilé tán, ó tún ń gba owó yàrá. Lugard, tí Àṣá ti gbà síṣẹ́ ní 1894 pé kó sáré lọ bá ọba Nikki tọwọ́ bọ̀wé, òun náà ni ọbabìnrin wá fi ṣe olórí apá òkè igbó. Fìlà nìkan ló pààrọ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká fi Àṣá sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹyẹ kó ẹrù wọn ní 1960, wọ́n fi Erin jọba lórí gbogbo igbó náà. Ẹ má ṣì í mú fún Erin àtijọ́ tí Ìjàpá fi orin tàn dé orí kòtò o. Ọmọ rẹ̀ ni èyí. Ó gbọ́ nípa kòtò tó pa bàbá rẹ̀, ó sì ti bá ara rẹ̀ pinnu pé bí òun náà yóò bá já sí kòtò, kí oúnjẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lékeléke ti wà nínú igbó kí Erin tó gorí oyè. Ní 1938 ló ti gba ìwé tó ní kó máa tú gbogbo igbó wò, láti etí òkun títí dé ibi tí yanrìn aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Epo ló ń wá, kì í ṣe epo pupa mọ́, epo dúdú abẹ́ ilẹ̀. Ọdún 1956 ló rí èyí tó tó tà, ní abúlé Kọ̀ǹkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Oloibiri. Nígbà tó fi máa di 1958, ọkọ̀ ti ń gbé e lọ sókè òkun.

Ẹyẹ tó gbayì ni Lékeléke. Funfun ni, ó mọ́, kì í pariwo. Gbogbo yín lẹ ti na ọwọ́ sí i rí ní kékeré, pé kó fún yín ní èékánná funfun. Àwọn ọmọ Kọ̀ǹkọ̀ na ọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó fún wọn ní ìwé kíkọ mẹ́fà mẹ́fà tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìgbà tí Erin na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síta ni Lékeléke sọ̀ kalẹ̀, tó jókòó tì í, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun èékánná ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba kò tíì parí ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé.

Ní 1969, Erin ṣe òfin. Epo yòówù kó wà lábẹ́ ilẹ̀, lórí ilẹ̀, lábẹ́ omi, ti Erin ni. Ní 1978, ó ṣe òmíràn tó fi ilẹ̀ gan-an sábẹ́ àwọn gómìnà rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní 1977, ó dá iléeṣẹ́ epo tirẹ̀ sílẹ̀, kó lè máa bá àwọn àlejò pín in bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n ka bí wọ́n ṣe wá pín in fún yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àlọ́ yìí so kọ́. Nínú igbá epo 100, 55 jẹ́ ti Erin. 30 jẹ́ ti Lékeléke. 10 jẹ́ ti Àkùkọ ilẹ̀ Faransé. 5 tó kù jẹ́ ti ajá dúdú ilẹ̀ Ítálì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tó ń yọ iná lẹ́nu. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín! Ẹ lọ wo àmì Agip, kí ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti dárúkọ o.”

Ajá ni mo dárúkọ. Lékeléke ni wọ́n ní kó máa darí iṣẹ́. Òun ló ń gbẹ́ kànga, òun ló ń ri páìpù mọ́lẹ̀. Erin ń gba ìpín rẹ̀, ó sì tún ń gba owó orí lórí ìpín Lékeléke. Àwọn Kọ̀ǹkọ̀ tó wà lórí epo náà kò sí nínú 100. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ gbé apá, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé 100 géérégé láìsí wọn.

Ní ọjọ́ kan, páìpù bẹ́ nínú odò. Omi dúdú, ẹja léfòó, Alákàn gun orí igi, ó ní òun ò sọ̀ mọ́. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ bu omi náà sínú kèrègbè kan, ó gbé e lérí, ó di ọ̀dọ̀ Lékeléke.

Lékeléke ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ó dùn mí dé ọkàn. Ṣùgbọ́n àlejò ni mo jẹ́ nínú igbó yín, n kò lè máa dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ tọ Kábíyèsí lọ.”

Ó dé ààfin. Ìjàpá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Lékeléke ló ń sanwó fún Ìjàpá nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ààfin, ní yàrá tó kọjú sí yàrá mínísítà epo. (Ní 2010, nígbà tí ìwé àṣírí àwọn ikọ̀ òkè òkun tú síta, a kà nínú rẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà Lékeléke ṣe ń sọ fún ikọ̀ Amẹ́ríkà pé àwọn ti yá àwọn mínísírì tó kan ọ̀rọ̀ náà ní òṣìṣẹ́, àwọn sì ń mọ gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀, pé ó jọ pé ìjọba ti gbàgbé. Ìjàpá kò gbàgbé.) Ìjàpá ní kó jókòó, ó ní Kábíyèsí ń jẹun.

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ jókòó títí. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fi orin bọ ẹnu:

Ta ló ni odò, ta ló ni omi?
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Mo bi Lékeléke, ó ní n bi Erin.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Mo dé ilé Erin, wọ́n ní ó ń jẹun.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Mo yọjú wo àwo, ọwọ́ méjì ni mo rí.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Ọ̀kan ìyẹ́ apá, èkejì ọwọ́jà.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.

Erin gbọ́ orin, ó nu ẹnu, ó jáde. Ó wo inú kèrègbè. Ó gbin. Ó ní, “Ta ló ṣe èyí? N óò fìyà jẹ ẹ́!” Ìjàpá tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, nínú àpò 100 tí wọ́n bá ní kí wọ́n san, 55 yóò ti àpò yín jáde.” Erin tún wo inú kèrègbè. Ó ní, “Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe àwọn ọmọ yín ló lọ fọ́ páìpù yìí?”

Ọ̀pọ̀ apàlọ́ ló máa ń pa àlọ́ yìí bí ẹni pé Lékeléke fẹ́rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, tó fi oògùn dè Erin lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Èmi kò gbà. Erin lágbára. Ní 1979, nígbà tí inú bí i lórí ọ̀rọ̀ epo àti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ South Africa, ó gba gbogbo ìpín BP, ẹni tí òun àti Lékeléke jọ wọ igbó. Ó gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kan, ayé kò sì parí. Ẹ tún wo Ayékòótọ́ tó wá láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà, tó ń ta ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ẹranko. Ní 2015, Erin ní ìlà mílíọ̀nù 5.2 ni kò forúkọ ẹni tó ni wọ́n sílẹ̀, kó san ₦200,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: tírílíọ̀nù ₦1.04. Nígbà tí wọ́n nájà tán ní 2016, ó di bílíọ̀nù ₦330. Ẹni tó lè bu irú owó ìtanràn bẹ́ẹ̀, tó sì lè dín in kù bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé wọ́n dè é lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Erin kò bá Ayékòótọ́ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sí ohun tó ń dí ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sódò. Gáàsì máa ń bá epo jáde látinú ilẹ̀, ó sì ń náni lówó láti kó o jọ. Lékeléke kò kó o jọ, ó ń finá sun ún. Iná náà ń jó lọ́sàn-án, ó ń jó lóru, lọ́dún dé ọdún. Àkùkọ ilé kò mọ ìgbà tí yóò kọ mọ́. Òwìwí ló wá jẹ ìyà jù, nítorí iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, òru kò sì sí mọ́. Ó lọ sí ààfin lọ fẹjọ́ sùn pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Akọ̀wé fún un ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní bó bá kún un tán kó mú un wá lóru.

Òótọ́ ni pé Erin ti ṣe òfin lórí iná yìí. Ní 1979 ló ti ṣe é: kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun gáàsì mọ́ láti ọjọ́ kìíní 1984, àyàfi ẹni tí mínísítà bá fún ní ìwé. Mínísítà ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá sun ún yóò san owó ìtanràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ owó ìtanràn náà ní kọ́bọ̀ méjì lórí ẹgbẹ̀rún kúbíìkì fíìtì. Kọ́bọ̀ méjì! Owó tí Òwìwí ìbá san lọ́jọ́ kan péré kí wọ́n lè jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ní 2005, adájọ́ kan ní Benin ní sísun gáàsì náà tako ẹ̀tọ́ ọmọ ẹranko láti wà láàyè, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìdájọ́ náà wà nínú fáìlì. Àwọn tó ń wá a máa ń fi ìmọ́lẹ̀ iná náà kà á.

Òwìwí, o kò jí, ilẹ̀ kò ṣú.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Àkùkọ, o kò kọ, ilẹ̀ kò mọ́.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Wọ́n dáná tì wá, òtútù kò mú wa.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.
Erin ń yá iná, ó ń ka kọ́bọ̀.
Kọ̀ǹkọ̀ ń ké lódò.

Àwọn Ìrẹ̀ ń gbé ní Ogoni. Olórin ni ìran wọn, ọ̀kan nínú wọn sì mọ̀wé, ó ń kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fa ìkòkò tábà. Ní 1990, wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Erin: ìpín nínú epo ilẹ̀ wọn, àṣẹ lórí ilẹ̀ àti omi wọn. Erin kò dáhùn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 1993, Ìrẹ̀ tú jáde pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, àwọn tó kà wọ́n ní wọ́n tó 300,000. Lékeléke kó ẹrù kúrò ní Ogoni lọ́dún yẹn. Erin ló wá kó ọmọ ogun wọlé. Ní 1994, wọ́n pa àgbà Ìrẹ̀ mẹ́rin. Erin ní òǹkọ̀wé yẹn ló rán àwọn tó pa wọ́n níṣẹ́, ó gbé ilé ẹjọ́ àkànṣe kalẹ̀, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá 1995, ní Port Harcourt, wọ́n yẹgi fún òǹkọ̀wé náà, Ken Saro-Wiwa, àti mẹ́jọ mìíràn.

Rárá, ẹ má gbè. N kò dá orin níbí.

Ní 2009, ẹjọ́ tí àwọn ẹbí wọn pe Lékeléke ní New York fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó san mílíọ̀nù $15.5, ó ní kì í ṣe pé òun jẹ̀bi, àánú ló ṣe òun. Ní oṣù kẹfà 2025, Erin náà sọ̀rọ̀. Ó dárí jì àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì fún wọn ní oyè.

“Bàbá, kí ló dárí rẹ̀ jì wọ́n?”

Ìwọ ni lọ́yà. Èmi, àlọ́ ni mo ń pa.

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ kò jókòó sójú kan ní gbogbo ìgbà yìí. Ní 2008, páìpù bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo. Ẹrẹ̀ ìdí igi tó ń hù nínú omi di dúdú, ìsáwùrú kú, ẹja lọ. Gẹ́gẹ́ bí Amnesty, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣe kọ ọ́, Lékeléke gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá, ó sì ní òun yóò fi £4,000 lé e fún gbogbo ìlú. Ẹ pín £4,000 fún ìlú odindi kí ẹ wo iye tí yóò kan ọmọdé kan. Kò ní ra ìwọ̀ ẹja.

Ibí ni Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ti ṣe ohun tí kò sí ẹranko tó lérò pé ó lè ṣe. Ó gbé kèrègbè rẹ̀, ó wọkọ̀ òfurufú, ó lọ sí ìlú ìyá Lékeléke. Ó wọ ilé ẹjọ́ London, ó gbé omi dúdú sórí tábìlì adájọ́. Ó ní, “Ẹ gbóòórùn rẹ̀.”

Nílé, Lékeléke máa ń sọ pé àlejò lòun. Ní London kò rí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá dá ọgbọ́n mìíràn: ó ní Lékeléke tó wà nínú igbó yàtọ̀ sí Lékeléke tó wà ní London, pé ọmọ àti ìyá ni wọ́n, ìyá kò sì mọ ohun tí ọmọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n èrè tí ọmọ ń jẹ, ìyá mọ̀ ọ́n dé orí sẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ Bodo parí ní oṣù kìíní 2015, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí mílíọ̀nù £55. Mílíọ̀nù 35 fún Kọ̀ǹkọ̀ 15,600, mílíọ̀nù 20 fún ìlú lápapọ̀. Ẹ fi wé £4,000. Omi kan náà, kèrègbè kan náà.

Àwọn tó kù rí ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ Oruma, Goi àti Ikot Ada Udo lọ sí The Hague, níbi tí Lékeléke ní ilé kejì sí nígbà náà. Ọdún mẹ́tàlá ni ẹjọ́ wọn gbà, méjì nínú àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ pe ẹjọ́ ti kú kí ìdájọ́ tó dé ní oṣù kìíní 2021. Àwọn ará Oruma àti Goi jàre. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London ní kí ẹjọ́ àwọn ará Ogale àti Bille máa lọ. Ogale nìyẹn, níbi tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yẹ omi kànga wò, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2011 pé májèlé benzene tó wà nínú omi tí wọ́n ń mu fi ìlọ́po 900 ju ohun tó yẹ lọ. Wọ́n ní fífọ Ogoni mọ́ yóò gbà tó ọdún 25 sí 30.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kọ̀ǹkọ̀ ní ọba. Ọba ní ilé ẹjọ́, ó ní adájọ́ tó ń dé irun funfun, ó ní ọlọ́pàá. Síbẹ̀ ìlú ẹni tó ba omi rẹ̀ jẹ́ ló ní láti lọ kí wọ́n tó san owó fún un. Erin wo gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ó pàtẹ́wọ́.

Lékeléke náà ń wò. Ó rí i pé Kọ̀ǹkọ̀ ti mọ ọ̀nà ilé ìyá òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìfẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lójijì. Ó ní ó ti tó àkókò kí ọmọ ìlú máa wa epo ìlú, pé òun yóò ta ìpín 30 òun. Ní oṣù kẹta 2025, ọjà náà parí. Ẹgbẹ́ oníṣòwò márùn-ún tí mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ igbó yìí ni wọ́n gbà á, iye rẹ̀ sì lè tó bílíọ̀nù $2.4. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ onílé má ra ilé. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí ẹni tó jẹun nínú yàrá fún ọgọ́ta ọdún ó lé ń wá ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ilé wò.

Ṣé Lékeléke wá padà sílé ni? Ó tì o. Ó fò kọjá ẹnu odò, ó lọ bà sí àárín òkun, níbi kànga rẹ̀ tó wà ní Bonga, ibi tó jìn sí èbúté tó 120 kìlómítà. Epo wà níbẹ̀. Erin ní ìpín níbẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ kankan kò sì lè wẹ̀ débẹ̀ lọ kọrin.

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ gbọ́, ó tún gbé kèrègbè, ó di ààfin. Ó bá Erin lórí àga, ìpín 55 rẹ̀ pé síbẹ̀. Ó bá àwọn onílé tuntun, ọmọ dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja, wọ́n pè é ní Màmá. Ìjàpá ló ń darí ìpàdé. Ó ti ní káàdì tuntun, ó pín in yíká.

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ní, “Ẹ kú oríire. Epo ti àtijọ́ tó wà nínú omi mi ńkọ́, ta ni yóò fọ̀ ọ́?”

Àwọn onílé tuntun ní ẹrù tí àwọn rà ni àwọn mọ̀, kí wọ́n bi ẹni tó tà á. Erin ní ẹni tó tà á ti lọ, kí wọ́n bi ẹni tó rà á. Ìjàpá ní kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, òun ti ní orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lápò.

Wọ́n gbé àga wá fún Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Kò jókòó. Ó yíjú sí Ìjàpá, ó ní, “Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń wọ bàlúù dé London báyìí?”

Ìjàpá wá àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú káàdì mìíràn jáde.

“Màmá,” ló wí, “mo mọ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.”